Ẹ̀kọ́ Àìdáwọ́dúró Láàrin Àwọn Agbẹjọ́rò Okòwò ní Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ àìdáwọ́dúró ni gbogbo ọ̀nà tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ń kún ìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí tó fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Fún agbẹjọ́rò, ọjọ́ tí wọ́n bá pè é wọ iṣẹ́, lẹ́yìn yunifásítì àti Iléẹ̀kọ́ Òfin, ni ẹ̀kọ́ yìí ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ìparí títí di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì. Agbẹjọ́rò okòwò, tí àlàyé yìí dá lé lórí, ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ dídá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kíkọ ìwé àdéhùn, wíwá owó ìdókòwò, rírà àti títa ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó orí, àti píparí aáwọ̀ láàrin àwọn oníṣòwò. Irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ láìdé wíìgì lọ síwájú adájọ́, síbẹ̀ gbólóhùn kan tí ó bá kọ láìnáání sínú ìwé àdéhùn lè gba ohun tí oníbàárà rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Òwe náà sì ń ṣẹ gidigidi ní ẹ̀ka òfin okòwò, nítorí pé òfin tí ọ̀dọ́mọdé agbẹjọ́rò kọ́ ní kíláàsì lè ti di òfin àná kí ó tó pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́.

Àìní yìí ti pẹ́. Láti 1879, nígbà tí Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sierra Leone, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní London, títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ti ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ òfin pín sí méjì lọ́hùn-ún: àwọn kan ń rojọ́ níwájú adájọ́, àwọn mìíràn sì ń kọ ìwé àdéhùn, wọ́n ń gba oníbàárà nímọ̀ràn, wọ́n sì ń bójú tó dúkìá. Iṣẹ́ ẹjọ́ rírò ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, iṣẹ́ méjèèjì ni òfin ilẹ̀ yìí gbé lé ẹnì kan náà lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ti ń kọ ìwé àdéhùn ló ń kọ ọ́ fún oníṣòwò. Ìgbìmọ̀ tí E. I. G. Unsworth ṣe alága rẹ̀ ní 1959 rí àléébù yìí, ìmọ̀ràn rẹ̀ ló sì ṣí ọ̀nà fún òfin 1962 tó dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin sílẹ̀, tí Iléẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó kí olú-ilé rẹ̀ tó kó lọ sí Bwari nítòsí Abùjá.

Iléẹ̀kọ́ Òfin tún nǹkan ṣe púpọ̀, nítorí pé iṣẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ wà lára ohun tí ó ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, pa pọ̀ mọ́ iṣẹ́ òfin dúkìá, ẹjọ́ láàrin ará ìlú, ẹjọ́ ọ̀daràn àti ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, òfin Nàìjíríà kò sì béèrè pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ iṣẹ́ kọ́kọ́ lo sáà kan lábẹ́ ọ̀gá kó tó dá dúró, bí wọ́n ti ń béèrè ọdún méjì ìmọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ìwé àdéhùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́rọ̀ òfin, agbẹjọ́rò tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lónìí lè ṣí ọ́fíìsì lọ́la kí ó sì máa gba báǹkì nímọ̀ràn. Ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ìwé ẹ̀rí nìkan ni ohun tó lè dí àlàfo yìí.

Òfin ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Òfin 1968 ló ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ títí di 1990, nígbà tí èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CAMA rọ́pò rẹ̀, CAMA náà sì lo ọgbọ̀n ọdún kí òmíràn tó jẹ́ orúkọ kan náà tó dé ní oṣù kẹjọ 2020. Agbẹjọ́rò tó kọ́ ti 1990 mọ̀ dájú pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, pé kò sí ilé-iṣẹ́ tí kì í ní akọ̀wé, àti pé ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo wọn. CAMA 2020 yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà: ẹnì kan lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré lè wà láìní akọ̀wé, ìpàdé ọdọọdún kò sì pọn dandan mọ́ fún ilé-iṣẹ́ kékeré àti fún èyí tó jẹ́ ti onípìn-ín kan ṣoṣo. Òfin náà tún mú ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá: ó pàṣẹ pé kí orúkọ ẹni tí agbára ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́ hàn nínú ìwé, ìbáà fi orúkọ ẹlòmíràn bojú, ó sì ṣe ètò ìgbàlà fún ilé-iṣẹ́ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, kí ó lè rí àyè tún ara rẹ̀ tò kí àwọn olówó tó pín dúkìá rẹ̀.

Ìyípadà kan wà nínú òfin yìí tó kan àpò àwọn agbẹjọ́rò. Lábẹ́ òfin 1990, agbẹjọ́rò ló gbọ́dọ̀ búra pé ẹni tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ti tẹ̀lé gbogbo ìlànà, ṣùgbọ́n òfin 2020 gbà kí olùforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni Àjọ Ìforúkọsílẹ̀ Ilé-iṣẹ́, tí a mọ̀ sí CAC, ti ń gba ìwé báyìí. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké fi ń ra oúnjẹ òòjọ́ ti di ohun tí oníṣòwò lè fi fóònù ṣe. Ohun tó kù tí ènìyàn yóò tìtorí rẹ̀ wá agbẹjọ́rò lọ ni ìmọ̀ràn tó jinlẹ̀, irú bíi bí àwọn onípìn-ín yóò ṣe pín agbára, bí wọn yóò ṣe pínyà láìdárú, àti ẹni tí yóò jogún ìpín olóògbé. Ẹni tí kò bá kọ́ ju ìforúkọsílẹ̀ lọ kò ní ohun tí yóò tà mọ́.

Yàtọ̀ sí CAMA, òfin mìíràn tún ń rọ́ dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá méjì kò lè dàpọ̀ láìgba àṣẹ. Òfin ààbò dátà ti 2023 fi ojúṣe lé ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn lọ́wọ́. Òfin ìparí-aáwọ̀ àti ìlàjà ti 2023 rọ́pò ti 1988. Òfin ọjà ìpín ìdókòwò ti 2025 mú owó inú kọ̀ǹpútà wá sábẹ́ àkóso, méjì nínú àwọn òfin owó orí mẹ́rin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Kíka òfin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kò tó, nítorí pé wọ́n máa ń pe ohun kan náà ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ìtumọ̀ tó yàtọ̀. Fún àpẹẹrẹ, CAMA 2020 ka ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 120 mílíọ̀nù náírà lọ mọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré, bí ó bá tún pé ojú ìwọ̀n àwọn ohun mìíràn tí òfin náà là sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìṣúná ti 2019 fi 25 mílíọ̀nù náírà ṣe ààlà ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò ní san owó orí lórí èrè. Ní gbogbo ọdún tí òfin méjèèjì fi jọ ń ṣiṣẹ́, oníṣòwò tí owó tó ń wọlé fún un tó 60 mílíọ̀nù lè jẹ́ kékeré lójú CAC, kí ó má sì rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn agbowó-orí. Agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì yóò ti oníbàárà rẹ̀ sínú gbèsè.

Ewu àìmọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò kéékèèké. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ogún ọdún lórí gáàsì pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan tí a mọ̀ sí P&ID. Nígbà tí iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, ìgbìmọ̀ ìparí-aáwọ̀, ìyẹn àwọn onídàájọ́ tí olùjà méjèèjì yàn fúnra wọn dípò ilé ẹjọ́, dá Nàìjíríà lẹ́bi ní 2017 pé kí ó san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èlé orí rẹ̀ sì sọ ọ́ di ohun tó ju bílíọ̀nù 11 lọ. Ní oṣù kẹwàá 2023, Adájọ́ Robin Knowles ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ní London ṣe ìdájọ́ pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi rí ìdájọ́ owó náà gbà, èyí ló sì yọ Nàìjíríà nínú gbèsè náà. Ṣùgbọ́n adájọ́ náà kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó rọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti ronú lórí bí wọ́n ti ń kọ àwọn ìwé àdéhùn ńláńlá tí ìjọba ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe, àti lórí ìmọ̀ àwọn tó ń ṣojú ìjọba nínú irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò okòwò lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé inú ìwé àdéhùn ni ààbò oníbàárà ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó di ti ilé ẹjọ́ rárá.

Ìlànà iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹni. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, ni ó ń darí ìwà àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlógún nínú ti 2007 kọ̀ fún agbẹjọ́rò láti gba iṣẹ́ tí ó mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó mọ̀, pé òun kò ní ìmọ̀ rẹ̀, àfi bí ó bá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ra. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá sì pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ gbọ́dọ̀ kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn tí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, ń darí. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ gbòòrò: lílọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́, àpérò àti ìpàdé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ ìwé tàbí àròkọ lórí òfin, àti kíkẹ́kọ̀ọ́ sí i láti gba ìwé ẹ̀rí mìíràn. Wákàtí ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye wákàtí tí yóò kà sí orúkọ ẹni tó ṣe é.

Oríṣiríṣi ibi ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń wáyé. NBA ní iléeṣẹ́ kan tó wà fún ẹ̀kọ́ àìdáwọ́dúró nìkan, ó sì ní Ẹ̀ka Òfin Okòwò, tó pín ara rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ bíi báǹkì, owó orí, epo àti gáàsì, tó sì ń pe àpérò ńlá lọ́dọọdún níbi tí agbẹjọ́rò, oníṣòwò àti àwọn aláṣẹ ìjọba ti ń jíròrò lójúkojú. Ilé Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Òfin, NIALS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, ń kọ́ni ní òfin kíkọ àti ìwádìí. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò nìkan kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bójú tó ilé-iṣẹ́ tó wọ gbèsè gbọ́dọ̀ ní ìrírí ọdún márùn-ún, kí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwọgbèsè tàbí irú rẹ̀ mìíràn tí CAC fọwọ́ sí, kí CAC sì fún un láṣẹ, gẹ́gẹ́ bí CAMA 2020 ti wí. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìpín ìdókòwò. Àwọn agbẹjọ́rò mìíràn ń ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó orí, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ àwọn olùparí-aáwọ̀, kí wọ́n lè fi ìmọ̀ náà kún ti òfin.

Síbẹ̀, inú ọ́fíìsì ni ẹ̀kọ́ tó ń wọra jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ́fíìsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù tí ẹnì kan yóò ṣàlàyé òfin tuntun tàbí ìdájọ́ tuntun fún àwọn yòókù, tí wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé gbogbo wọn. Àgbà agbẹjọ́rò a mú ìwé àdéhùn tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ, a fi bíírò pupa là á já, a sì sọ ìdí tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ yí padà. Bí iṣẹ́ ńlá bá parí, wọn a tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò láti mọ ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ báyìí kò gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù àti àkókò àgbà, àgbà tí kò bá sì lo àkókò yìí ń fi orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀ wéwu.

Apá kan ẹ̀kọ́ yìí tún jẹ́ kíkọ́ iṣẹ́ oníbàárà fúnra rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó ń ṣojú àwọn tó ń kó kòkó láti Oǹdó lọ sí Yúróòpù ní láti mọ̀ pé Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 tó ní kòkó kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí ó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn oṣù kejìlá 2020 wá, àti pé ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko gan-an tí wọ́n ti ká a. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀kan tí kò padà sí i lè fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní ìmọ̀ràn tó ti di ti àtijọ́. Àdéhùn láàrin olùtajà kòkó àti àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò wọn oko, ẹni tí yóò tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tí àdánù yóò bọ́ sí lọ́rùn bí wọ́n bá dá ọjà padà. Kò sí ìwé tí agbẹjọ́rò náà kà ní yunifásítì tó lè kọ́ ọ ní èyí.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé náà ti di apá kan ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kẹfà 2023, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò kan àti ọ́fíìsì wọn, nítorí pé wọ́n kó ìdájọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ẹ̀rọ ChatGPT hùmọ̀, wá síwájú adájọ́, wọ́n sì dúró lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú ẹ̀dà rẹ̀ wá. Agbẹjọ́rò lè lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ kiri, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe yẹ ohun tí ẹ̀rọ sọ wò, kí ó sì kọ́ láti má ṣe da àṣírí oníbàárà sínú ohun tí kò mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń díwọ̀n ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ síra. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Minnesota wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀ranyàn ní 1975. Ìpínlẹ̀ New York, níbi tí àwọn agbẹjọ́rò tó ti Nàìjíríà lọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ń béèrè wákàtí 24 láàrin ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ nípa ìwà wà nínú rẹ̀ dandan, láti oṣù keje 2023 sì ni ẹ̀kọ́ nípa ààbò dátà orí kọ̀ǹpútà ti kún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: wákàtí 16 lọ́dọọdún ni wọ́n ń kà fún àwọn tó ń kọ ìwé àdéhùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2016 wọ́n pa wákàtí kíkà tì, wọ́n sì ní kí agbẹjọ́rò kọ̀ọ̀kan máa wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ó mọ ibi tí ó kù sí, kí ó kọ́ ohun tí yóò dí i, kí ó sì lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn. Wákàtí kíkà rọrùn láti bójú tó, ṣùgbọ́n ènìyàn lè jókòó nínú gbọ̀ngàn ní gbogbo wákàtí náà kí ó má sì gbọ́ nǹkan kan. Yíyẹ ara ẹni wò jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí yóò ṣe Nàìjíríà láǹfààní ni kí méjèèjì pàdé: kí wákàtí wà tí kò sẹ́ni tó lè sá fún un, kí agbẹjọ́rò sì kọ sílẹ̀ ohun tí ẹ̀kọ́ náà yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdíwọ́ pàtàkì méjì ló wà ní ilẹ̀ yìí. Èkínní ni owó àti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé Èkó àti Abùjá ni ọ̀pọ̀ àpérò ńlá ti ń wáyé, owó ìwọlé, ọkọ̀ àti ibùsùn sì lè ju agbára ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ní Adó-Èkìtì tàbí Ìlọrin lọ. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gbilẹ̀ láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn 2020, ti dín ìnira yìí kù, ọ̀sẹ̀ òfin tí àwọn ẹ̀ka NBA ń ṣe nílùú wọn náà sì lè ṣèrànwọ́ bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ́ okòwò sí i ju ayẹyẹ lọ. Èkejì ni èrò àwọn kan pé ìwé ẹ̀rí ìkópa ni ẹ̀kọ́. Ìwé yẹn kò lè kọ àdéhùn, kò sì lè gba oníbàárà lọ́wọ́ ìtanràn.

Ọwọ́ àwọn mẹ́ta ni àtúnṣe wà. Kí NBA mú ìlànà tí ó kọ sílẹ̀ ṣẹ, kí ó dín owó ìkópa kù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, kí ó sì gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn odi Èkó. Kí àwọn àgbà agbẹjọ́rò ka títọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n má ṣe fi sílẹ̀ de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kí oníṣòwò náà má sì tijú láti bi agbẹjọ́rò rẹ̀ léèrè nígbà tó ka òfin tó kan òwò òun kẹ́yìn, nítorí pé owó òun ni yóò san gbèsè àìmọ̀ náà. Agbẹjọ́rò tó bá dá ẹ̀kọ́ dúró ti dá iṣẹ́ dúró, bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.